Ojú Tó Wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Láti Òkèèrè: Àríwísí Lórí Lẹ́ńsì Olówó Pọ́ọ́kú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí òpin ìran. Òwe náà kò sọ ibi tí olójú dúró sí kó tó rí ìran. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, tí ọdún ìbílẹ̀, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ti di ohun tí à ń fi kámẹ́rà pa mọ́ fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀, ibi ìdúró gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ayàwòrán bá súnmọ́ jù, yóò dí ojú ará ìlú, ó sì lè tẹ ààlà tí kò yẹ kó tẹ̀. Bí ó bá jìnnà jù, ohun tí yóò gbé délé kò ní ju àmì kékeré kan lọ láàárín eruku. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya àwòrán ní agbègbè wa, láti Tchetti títí dé Bantè àti Savalou, fi ń wá lẹ́ńsì awọ̀nàjíjìn, èyí tí àwa tí a ka ìwé Faransé mọ̀ sí téléobjectif. Owó ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kò sì ká èyí tó dára jù lọ nínú àwọn tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà wọn ń tà, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yíjú sí ti ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, lẹ́ńsì tí ẹni tó ṣe kámẹ́rà ṣe fún kámẹ́rà ara rẹ̀ ni n ó máa pè ní lẹ́ńsì onílé. Èyí tí ẹlòmíràn ṣe láti wọ inú kámẹ́rà tí kì í ṣe tirẹ̀ ni n ó máa pè ní lẹ́ńsì àlejò. Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni pé èwo nínú àwọn àlejò ló dára tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ìbéèrè tó bójú mu ni, n ó sì dáhùn rẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tó ṣáájú rẹ̀, tí a kì í sábà béèrè: irú àwòrán wo ni lẹ́ńsì yìí yóò mú kí a máa yà? Èrò mi ni pé nọ́ńbà tó tóbi jù lára lẹ́ńsì ni a fi ń yàn án, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà tó kéré ni yóò sọ bóyá àwòrán wa yóò jẹ́ ti àwùjọ, tàbí ti òjìjí kan ṣoṣo tí a já gbà kúrò láàárín àwọn èèyàn rẹ̀.

Àwọn àlejò àti àwọn onílé

Àwọn àlejò yìí kì í ṣe ará àná. Ní ọdún 1950 ni Takeyuki Arai dá ilé-iṣẹ́ tó padà di Tamron sílẹ̀ ní ìlú Urawa, ní orílẹ̀-èdè Japan. Lára orúkọ Uhyoue Tamura, onímọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ tó ràn án lọ́wọ́, ni wọ́n ti yọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1961, ní orílẹ̀-èdè kan náà, Michihiro Yamaki dá Sigma sílẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì fi di olókìkí ni ṣíṣe lẹ́ńsì tó ń wọ kámẹ́rà Canon, Nikon àti ti àwọn mìíràn. Onílé kì í sábà fi àṣírí ilé rẹ̀ han àlejò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ńṣe ni àlejò fúnra rẹ̀ ń fi ọgbọ́n wádìí bí kámẹ́rà ṣe ń bá lẹ́ńsì sọ̀rọ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé bí onílé bá yí èdè rẹ̀ padà, àlejò lè di odi. Ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì Sigma tí a ṣe fún kámẹ́rà Canon onífíìmù ayé àtijọ́ ni kò lè bá Canon òde òní ṣiṣẹ́ mọ́. Ìkìlọ̀ àṣìṣe ni kámẹ́rà yóò máa kọ sójú. Bákan náà, nígbà tí Canon gbé ìdè tuntun tó ń jẹ́ RF jáde ní ọdún 2018, ó di oṣù Kẹrin ọdún 2024 kí Sigma àti Tamron tó kéde pé àwọn ti gba àṣẹ láti ṣe lẹ́ńsì fún un.

Mẹ́rin ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Èkíní ni Tamron 70-300 tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ A017, tó jáde ní ọdún 2006. Kò wúwo tó ìdajì kílò, òun ló sì sábà máa ń rọjù lọ́jà, ṣùgbọ́n kò ní ohun tó ń pa ìwárìrì ọwọ́. Èkejì ni Tamron SP 70-300 tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ A005, èyí tí ilé-iṣẹ́ náà gbé jáde ní ọdún 2010 láti fi ṣàjọ̀dún ọgọ́ta ọdún rẹ̀. Ó wúwo tó gíráàmù 765. Ó ní ohun tó ń pa ìwárìrì ọwọ́, mọ́tò rẹ̀ sì ń yára mú ojú àwòrán láìpariwo. Ẹ̀kẹta ni Tamron 70-300 tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ A047, tó jáde fún kámẹ́rà Sony ní ọdún 2020. Gíráàmù 545 ni, ṣùgbọ́n òun náà kò ní ohun tó ń pa ìwárìrì. Ó gbára lé kámẹ́rà fún ìyẹn. Ẹ̀kẹrin ni 100-400 tí Sigma àti Tamron, kálukú wọn, gbé jáde ní ọdún 2017. Àwọn yẹn wúwo ju kílò kan lọ.

Òtítọ́ kan wà tí àwọn olólùfẹ́ àlejò kì í fẹ́ gbọ́: àlejò kọ́ ló máa ń rọjù nígbà gbogbo. Canon ní 55-250 kékeré kan tó jáde ní ọdún 2013, gíráàmù 375 péré ni, ó sì ń pa ìwárìrì ọwọ́. Nikon náà ní 70-300 fífúyẹ́ kan tó jáde ní ọdún 2016. Bí ẹnì kan bá rí ọ̀kan nínú àwọn yìí ra ní àlòkù, tí kámẹ́rà rẹ̀ sì gbà á, kò sí ìdí tí yóò fi máa wá àlejò kiri. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ rí i dájú pé kámẹ́rà rẹ̀ gbà á, nítorí Nikon tí mo sọ yìí kò lè bá D90 ṣiṣẹ́, Canon yẹn kò sì wà fún àwọn kámẹ́rà olójú ńlá.

Ohun tí 300 ń ṣe, ohun tí 70 ń ṣe

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Nínú irú kámẹ́rà tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa, àwo tó ń gba ìmọ́lẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 23.5, ó sì ga tó 15.6. Ẹ dúró ní mítà 20 sí oníjó, kí ẹ sì fa lẹ́ńsì dé 300. Ohun tí yóò wọ inú àwòrán kò ju nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ ní fífẹ̀ àti mítà kan ní gíga lọ: ère orí, ìbòjú, àyà, ó parí. Ẹ má kúrò lójú kan náà, ẹ dá lẹ́ńsì padà sí 70. Yóò gba nǹkan bíi mítà 6.7 ní fífẹ̀ àti mítà 4.5 ní gíga. Oníjó yóò wà níbẹ̀ látòkèdélẹ̀, onílù yóò wà níbẹ̀, obìnrin tó ń gbe orin yóò wà níbẹ̀, ọmọdé tó gun èjìká bàbá rẹ̀ kó lè ríran náà yóò wà níbẹ̀.

Ohun kejì ni jíjìn ojú. Ní 300, bí ẹnu ìmọ́lẹ̀ bá wà ní f/5.6, nǹkan bíi mítà kan péré ló máa hàn kedere ní iwájú àti ẹ̀yìn oníjó lápapọ̀. Gbogbo ohun tó kù yóò di kùrukùru. Ní 70, pẹ̀lú ẹnu ìmọ́lẹ̀ kan náà, ohun tó wà láti nǹkan bíi mítà 14 títí dé mítà 37 ni yóò hàn. Àwọn èèyàn fẹ́ràn kùrukùru yẹn, wọ́n ní ó ń mú àwòrán dà bí ti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Bóyá fún ìyàwó ọ̀ṣìngín ní àgbàlá ilé rẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, mo lérò pé àdánù ni.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001, tó sì kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní ọdún 2008 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò, àjogúnbá ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n pè é. Kì í ṣe igi gbígbẹ́ nìkan ni wọ́n kéde. Orin ni, ìlù ni, àwàdà àti ìbáwí ni, ẹ̀bẹ̀ sí àwọn ìyá wa ni. Gbogbo èyí kò lè ṣẹlẹ̀ láìsí ẹni tí à ń kọrin sí, tí ń rẹ́rìn-ín, tí ń mi orí, tí ń bínú. Àwòrán tó bá pa àwọn olùgbọ́ rẹ́ ti yọ ahọ́n kúrò lẹ́nu Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ère orí nìkan ló ṣẹ́ kù, a sì lè rí ère orí wò nínú àpótí gíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láìrìnrìn-àjò dé agbo.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń ní kí ẹnikẹ́ni má lo 300. Lẹ́ńsì gígùn ní agbára kan tí a kì í sábà lò. Ibi tí a dúró sí ló ń pinnu bí ohun iwájú àti ohun ẹ̀yìn ṣe tóbi sí ara wọn. Lẹ́ńsì kàn ń gé apá kan jáde ni. Ẹni tó bá dúró ní òkèèrè, tó sì wá igun tí àwọn onílù yóò fi wà lẹ́yìn oníjó gan-an, yóò rí i pé àwọn méjèèjì súnmọ́ra nínú àwòrán ju bí ojú ìyàwòrán àtòsí ṣe lè fi wọ́n hàn. Ní 135 tàbí 150, pẹ̀lú ẹnu ìmọ́lẹ̀ ní f/8, ọwọ́ onílù àti ẹsẹ̀ oníjó lè pàdé nínú àwòrán kan. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni lẹ́ńsì yìí ti dára jù lọ, kì í ṣe ní òpin tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí kámẹ́rà aláìlèfà kọ́ wa

A kò lè sọ̀rọ̀ àwòrán òrìṣà ní ilẹ̀ wa kí a má dárúkọ Pierre Verger. Paris ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1902. Salvador ní Bahia ló kú sí ní ọdún 1996. Láàárín méjèèjì, ó di babaláwo ní Kétu, ó sì gba orúkọ Fátúmbí. Ìwé rẹ̀, Dieux d'Afrique, tó jáde ní ọdún 1954, fi òrìṣà ilẹ̀ wa àti ti Bahia sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Rolleiflex ni kámẹ́rà rẹ̀. Lẹ́ńsì ibẹ̀ kò ṣeé fà, kò sì ṣeé pààrọ̀. Bí Verger bá fẹ́ kí ojú ẹnì kan tóbi nínú àwòrán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi rìn dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún. Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, agbede ìkùn ni à ń gbé e sí, òkè rẹ̀ ni a sì ti ń wo inú rẹ̀. Ayàwòrán a máa tẹrí ba kó tó yàwòrán.

Àwọn kan máa ń fi èyí ṣe àríyànjiyàn, wọ́n ní lẹ́ńsì awọ̀nàjíjìn ti sọ wá di àjèjì nílé ara wa, pé Verger tó ti òkèèrè wá súnmọ́ wa ju bí àwa fúnra wa ṣe ń súnmọ́ ara wa lọ. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán síbẹ̀. Ìsúnmọ́ Verger kì í ṣe ti lẹ́ńsì. Ti ọ̀pọ̀ ọdún tó fi jókòó ti àwọn àgbà ni. Léonce Raphaël Agbodjélou, ayàwòrán ará Àjàṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ Joseph Moïse náà jẹ́ ayàwòrán olókìkí, ti ya àwọn Egúngún tí wọ́n dúró níwájú rẹ̀ gbangba kó lè yà wọ́n. Ìyẹn náà, ìgbọ́ra-ẹni-yé ló bí i. Ọmọ ogún ọdún tó bá ra kámẹ́rà lánàá kò tíì ní ìgbọ́ra-ẹni-yé yẹn, kò sì gbọdọ̀ fi ipá gbà á. Níbi tí àwọn ọlọ́pàá-eégún bá ti fi àtòrì pààlà, ẹ̀yìn ààlà ni àyè rẹ̀. Lẹ́ńsì gígùn ń jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ láti àyè yẹn, láàárín àwọn òǹwòran, láìdí ojú ìyá arúgbó kankan. Ọ̀wọ̀ ni mo pe ìyẹn. Ohun tí ó máa ń di àìlọ́wọ̀ ni kí a fi agbára lẹ́ńsì jí ohun tí a kò ní gbà wá láàyè láti wò bí a bá wà nítòsí. Ohun tí kò bá ṣeé yà ní mítà méjì, kò ṣeé yà ní mítà ogójì.

Òru Ẹ̀fẹ̀

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní òru, ó ní ọ̀sán. Ní òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin. Ní ọ̀sán ni ijó ń gbóná. Lẹ́ńsì olówó pọ́ọ́kú, ti ọ̀sán ni. Ní 300, ẹnu ìmọ́lẹ̀ A005 kò lè fẹ̀ ju f/5.6 lọ. Lẹ́ńsì kékeré 50 tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ dé f/1.8, tí onílé kọ̀ọ̀kan ń tà ní owó tí kò pọ̀, ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn. Àwọn lẹ́ńsì gígùn tí ẹnu wọn fẹ̀ dé f/2.8 wà, ṣùgbọ́n owó wọn kò sí lára ọ̀rọ̀ tí à ń sọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbàgbọ́ pé ohun tó ń pa ìwárìrì yóò gbà wọ́n lóru. Ìwárìrì ọwọ́ ayàwòrán ló ń pa. Kò lè dá ẹsẹ̀ oníjó dúró. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré tí kámẹ́rà fi ní láti la ojú fún ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, ògiri yóò hàn kedere, oníjó yóò di èéfín. Àwọn kan á wá tan iná kámẹ́rà sí Ẹ̀fẹ̀ lójú láti mítà ogún. Iná yẹn kò ní ràn án dé ibẹ̀ dáadáa, ó sì ti ba òru jẹ́ fún gbogbo agbo. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tó ní 70-300 fi í sínú àpò bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kó mú 50 rẹ̀ jáde, kó tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà agbo, kó jókòó. Bí kò bá sì ní 50, kó fetí sílẹ̀, kó gba orin náà sílẹ̀ bí wọ́n bá gbà fún un.

Ní ọjà

Ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì tó ń dé ọwọ́ wa, tòkunbọ̀ ni. Kútọnu ni wọ́n gbà wọlé, tàbí Èkó. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ rà á gbé kámẹ́rà ara rẹ̀ dání lọ, kó má gbára lé ẹnu ọlọ́jà. Kó wọ̀ ọ́, kó fà á dé 300, kó yàwòrán ohun kan tó jìnnà, kó sì wo ó ní títóbi. Kó na lẹ́ńsì sí ìmọ́lẹ̀, kó wo inú rẹ̀ fínnífínní: bí ó bá rí ohun tó dà bí okùn aláǹtakùn, èbu ni, òjò àti ọ̀rinrin ló bí i, kò sì ní í dẹ́kun àtidàgbà. Kó dojú rẹ̀ kọlẹ̀: bí ọrùn rẹ̀ bá ń yọ́ jáde fúnra rẹ̀, ó ti gbó.

Fún àwọn tó ń lo Nikon kéékèèké, láti D40 títí dé D5600, kámẹ́rà yín kò ní mọ́tò nínú. Lẹ́ńsì tí kò bá ní mọ́tò tirẹ̀ yóò wọ̀ ọ́, yóò sì yàwòrán, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ẹ ó fi máa wá ojú àwòrán. A017 wà lóríṣi méjì fún Nikon, èyí tó ní mọ́tò àti èyí tí kò ní. Àwọn ọlọ́jà kì í sì í sọ ìyàtọ̀. A005 ti Nikon ní mọ́tò. A005 tí wọ́n ṣe fún Sony àtijọ́, ní tirẹ̀, kò ní ohun tó ń pa ìwárìrì, nítorí kámẹ́rà Sony yẹn ní tirẹ̀ nínú. Ẹ má sì gbàgbé ọyẹ́. Lẹ́ńsì tó ń gùn tó ń kúrú bí a ti ń fà á ń mí atẹ́gùn sínú, eruku sì ń bá atẹ́gùn wọlé. A kò ṣe A005 láti dènà omi tàbí eruku. Aṣọ mímọ́ àti àpò tó dé dáadáa ni ààbò rẹ̀.

Ìdájọ́

Bí ẹnì kan bá ń lo Canon tàbí Nikon onídígí àárín, tó sì fẹ́ lẹ́ńsì kan ṣoṣo fún ọdún iṣu tuntun ní Savalou ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, fún eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì àti fún ijó ọ̀sán, A005 ni kó rà ní àlòkù, bí onílé fífúyẹ́ tí mo dárúkọ kò bá sí. Ó wúwo, àwòrán rẹ̀ ní 300 sì máa ń rọ̀ díẹ̀ bí ẹnu ìmọ́lẹ̀ bá ṣí tán, ṣùgbọ́n ní f/8, nínú oòrùn wa, kò sí ohun tí ojú òǹwòran máa bá a jà lé lórí. A017 kò tọ́ sí owó rẹ̀ àyàfi fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúró bí òpó. A047 dára fún ẹni tó ní Sony tó ń pa ìwárìrì fúnra rẹ̀. Àwọn 100-400, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn tó ń ya ẹyẹ: 100 wọn ti gùn jù láti fi ya agbo.

Ọ̀dọ́ tó ta kájú fún odindi ìgbà kan kó tó rí owó lẹ́ńsì ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ òótọ́ yìí lẹ́nu wa kó tó san án. Ẹgbẹ́ àṣà bíi tiwa náà ní ojúṣe. Nígbà tí a bá ń gba àwòrán ọdún fún ìwé ìròyìn yìí tàbí fún ìpamọ́, kí a má gba ti ojú eégún nìkan. Kí a máa béèrè méjì-méjì lọ́wọ́ ayàwòrán kọ̀ọ̀kan, láti ibi ìdúró kan náà: ọ̀kan ní 300, ọ̀kan ní 70. Kí orúkọ ìlú, ọjọ́, àti orúkọ onílù tó bá gbà kí a kọ tirẹ̀ wà lẹ́yìn èkejì. Bí ọgbọ̀n ọdún bá kọjá tí àwọn ọmọ wa bá fẹ́ mọ ẹni tó lu ìlù àti ẹni tó gbe orin, èkejì yẹn ni wọn yóò wá.